Ìyálé Ò Lè Fa Ìbọn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Ọ̀wàrà 2025

Olè wọlé mi lónìí. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀, oòrùn ti ràn gan-an. Mo ti iṣẹ́ òru dé, mo sùn. Mo gbọ́ tí ìlẹ̀kùn gíláàsì ẹ̀yìn ilé ń yọ̀ lórí irin rẹ̀. Mo rò pé Tèmi ọmọ mi ni, ó máa ń wá láìsọ. Ìgbà tí mo gbọ́ ikọ́ ọkùnrin ni mo mọ̀. Mo sá wọ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, mo jókòó lé orí bàtà, mo pe ọlọ́pàá pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

Accokeek ní Maryland rèé, ilé kan jìnnà sí èkejì, igbó ló wà láàárín. Kí ọlọ́pàá tó dé, ó ti lọ. Ó gbé kọ̀ǹpútà mi. Ó mú aago ọwọ́ mi. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni pé ó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ mi. Ó tọwọ́ bọ ọbẹ̀ — ọwọ́! — ó ṣa ẹran jẹ, ó tu eegun sórí tábìlì mi. Eegun mẹ́ta. Epo ìka rẹ̀ wà lára ọmọrí. Èébì gbé mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń nu ìgbẹ́ aláìsàn, èébì ò gbé mi báyìí rí.

Ọlọ́pàá bi mí bóyá ìlẹ̀kùn náà tì. Mo ní ó tì.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Ọ̀wàrà

Irọ́ ni mo pa. Ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Ìlẹ̀kùn ò tì. Kò tì láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn — ohun tí wọ́n ń yí tì í ti le jù fún Ìyálé.

Ọwọ́ ọ̀tún mi ni Ìyálé. Òsì ni Ìyàwó. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ nígbà tí làkúrègbé wọ oríkèé mi, tí mo rí i pé Ìyálé ló ń kú lọ, Ìyàwó sì ń gba ilé. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ ní ọsibítù, wọ́n á yẹ ọwọ́ mi wò, wọ́n á sì mú mi kúrò lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí. Ó ku ọdún mẹ́rin kí n fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìkan ni mo mọ̀. Bí wọ́n bá gbà á, mi ò mọ ẹni tí màá jẹ́ bí mo bá jí lọ́jọ́ kejì.

Ọkọ mi pè láti Ìbàdàn. Ó fẹ̀yìn tì, ó padà sílé lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó ní kí n parí tèmi kí n wá bá òun. Ọ̀gágun ni mo ń pè é níbí, torí orí fóònù ló ti ń pàṣẹ. Ó ní kí n ra ìbọn. Kíá. Ó ní ṣebí Amẹ́ríkà ni mo wà, kí ni mo ń dúró dè? Ó ti bá Fúnṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ̀rọ̀. Ẹni tí máígádì méjì ń ṣọ́ ní Bódìjà ló ń pàṣẹ ìbọn fún mi.

Mo ti rí ohun tí ìbọn ń ṣe nínú ara ènìyàn. Èmi ni mo máa ń nu ojú ibẹ̀. Ó rí mi lára.

Àmọ́ mi ò rí oorun sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo ju ìkòkò náà nù. Mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta — kí ni mo ń fọ̀ ọ́ fún?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Ọ̀wàrà

Fúnṣọ́ wá gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn. Òun ni olórí àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìbọn mẹ́rin ló ní, ó sì ń ròyìn wọn bí ẹni ń ròyìn ọmọ tó yege ìdánwò. Ṣọ́jà Ìjọ ni mo ń pè é. Èèyàn dáadáa ni, ẹnu rẹ̀ ló pọ̀. «Mọ́mì Tèmi, ẹ má worry. A máa rí èyí tó fit ọwọ́ yín. Just relax.»

Ṣọ́ọ̀bù náà ń rùn, òróró ẹ̀rọ àti kọfí tó ti ṣá. Ìbọn láti ìsàlẹ̀ ògiri dé òkè. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan gbé kékeré kan sílẹ̀ níwájú mi. Àwọ̀ píǹkì. Ó ní àwọn obìnrin fẹ́ràn èyí. Ohun tí wọ́n fi ń pa ènìyàn, wọ́n kùn ún bíi bàtà ọmọ jòjòló! Ara mi kọ̀ ọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án.

Ó ní kí n fa irin orí rẹ̀ sẹ́yìn, pé bí mi ò bá fà á, ọta ò ní wọlé. Mo fi Ìyálé fà á. Kò mì. Mo fi Ìyàwó fà á. Kò mì. Onírùngbọ̀n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tí mo kọ́ lónìí nìyí: ìbọn kékeré ló le jù. Bó ṣe ń kéré sí i ni sípíríǹgì inú rẹ̀ ń le sí i. Gbogbo wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kékeré ni wọ́n ń kó síwájú obìnrin.

Ó wá gbé èyí tí ọta máa ń yí po nínú rẹ̀ jáde. Èyí ò ní ohun tí à ń fà sẹ́yìn. Inú mi fẹ́ dùn. Ó ní kí n fi ìka fà á bí ẹni fẹ́ yìn ín. Ìka ìlábẹ̀ mi lọ dé ìdajì, ó gbọ̀n, ó padà. Mo tún gbìyànjú. Ó gbọ̀n, ó padà.

Ni ọkùnrin yìí bá mú ọwọ́ mi. Kò tọrọ àyè. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni ń wo iṣu tó fẹ́ rà. Ó ní ọwọ́ yìí ti parí, iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe? Ọdún kan gbáko ni mo fi pa á mọ́ fún dókítà àti nọ́ọ̀sì, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ontàjà ìbọn fi rí i.

Mo ní mo ti fẹ̀yìn tì.

Fúnṣọ́ wò mí. Ó mọ̀ pé mi ò tíì fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Ọ̀wàrà

Fíkà wa bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó fún un pọ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ó rò pé Ẹ̀mí ni.

Fúnṣọ́ ní tí a bá ti ra ìbọn náà, ká gbé e wá kí Fíkà fi òróró yàn án, ká gbàdúrà sí i bíi mọ́tò tuntun. Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ẹ ẹ̀ rí ayé! Kí la fẹ́ sọ nínú àdúrà ọ̀hún? Kí Olúwa jẹ́ kó bà á?

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo lọ sọ́dọ̀ Jamilah ní Fort Washington. Fúnṣọ́ ló júwe rẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ibí ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Òun ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ, torí ní Maryland èèyàn ò kàn lè rìn wọ ṣọ́ọ̀bù kó gbé ìbọn ìléwọ́ lọ. Ó gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ka, ó gbọ́dọ̀ dúró de ìjọba.

Jamilah ò gbé píǹkì wá. Ó gbé ńlá kan wá tí sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀. Ó ní wọ́n ṣe é fún àwọn tí ọwọ́ wọn ò lágbára. Ó ní kí n má fà á. Kí n fi àtẹ́lẹwọ́ kan di irin òkè mú, kí n wá fi ọwọ́ kejì ti ìdí ìbọn síwájú, bí ẹni ń ti ẹnu ọ̀nà. Mo tì í. Ó lọ! Mo pariwo. Ojú tì mí pé inú mi dùn.

Kíkó ọta sínú rẹ̀ tún di wàhálà, àtàǹpàkò mi ò lè tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó fún mi ní rọ́bà kékeré kan tó ń bá èèyàn tẹ̀ ẹ́.

Ó wo ọwọ́ méjèèjì. Ó ní òsì sàn ju ọ̀tún lọ, òsì ni kí n fi yìn ín. Kí n lọ máa fi òsì ṣe ohun gbogbo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan — ife, ṣíbí, kọ́kọ́rọ́, ohun gbogbo — kí ọwọ́ náà lè gbọ́n. Mo ní àwa kì í lo òsì bẹ́ẹ̀. Kò yé e. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni? Ìyá mi ìbá ti so ó mọ́ mi lẹ́yìn.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo fi òsì jẹ ẹ̀bà. Bí ìgbà tí ẹni tí mi ò mọ̀ rí ń fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu.

Ọ̀sán: Upper Marlboro, ìtẹ̀ka fún ìwé àṣẹ. Ẹ̀rọ wọn ò rí ìlà ìka mi. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní ṣé bíríkìlà ni mí ni àbí nọ́ọ̀sì, àwọn ni ìka wọn máa ń dán báyìí. Ọṣẹ, oògùn apakòkòrò, ìbọ̀wọ́, ọgbọ̀n ọdún. Ó fi ìpara pa á, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó gbà. Iṣẹ́ yìí ti jẹ ọwọ́ mi tán, èmi ni mo tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lé mi.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Ọ̀wàrà

Anna ti lọ sí Philippines, ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Anna ni ọwọ́ mi. A ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò bi mí ní nǹkan kan rí. Bó bá rí mi tí mo ń bá ìgò oògùn jà, á gbà á, á ṣí i, á dá a padà, ọ̀rọ̀ tó ń sọ lẹ́nu ò ní dúró. Èmi náà ń bá a kọ àwọn àkọsílẹ̀ tí kò fẹ́ràn. Ọ̀tún wẹ òsì.

Stephanie ọ̀gá wa gbé mi sí iṣẹ́ ọ̀sán títí Anna á fi dé. Ohun gbogbo tó yẹ ní ṣíṣí lónìí, èmi nìkan ni mo ṣí i. Mo ní ọgbọ́n kan tí mo máa ń dá. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo yin ìbọn.

Àwa mẹ́fà la wà ní kíláàsì. Ọkùnrin kan tó jókòó tì mí ní òun ń retí kí ẹnì kan wulẹ̀ wọlé òun lọ́nà òdì. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹ gúgúrú. Mo gbé àga mi sún.

Àkọ́kọ́ lọ. Ariwo náà wọ eyín mi. Ó ba ọkùnrin orí pépà léjìká. Èkejì há sínú ìbọn. Jamilah ní ìbọn ò bàjẹ́. Bí ọwọ́ ò bá di í mú gbọin-in, ó máa ń há. Ó tú u, mo tún yìn ín, ó tún há.

Ó mú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní òfin béèrè pé kí n yìn ín kó lọ, ó sì lọ, òun á buwọ́ lùwé mi. Àmọ́ ká ní ìyá òun ni mí, òun á kọ́kọ́ tún ìlẹ̀kùn ṣe ná. Ó bi mí: ta ló ń bá mi ṣí nǹkan nílé? Mo ní èmi nìkan ni mò ń gbé. Ó ní níbi iṣẹ́ ńkọ́?

Mo dúpẹ́, mo gba ìwé mi.

Ọjọ́rú, 29 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba. Ìlẹ̀kùn ò tíì tì. Mo gbé àga tì í.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Bélú

Inú mi dùn láàárọ̀, torí Yorùbá ni wọ́n gbé sí yàrá kẹrìnlá. Màmá ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ará Ọ̀yọ́, ó wá kí àwọn ọmọ rẹ̀ ni àìsàn bá dé. Wọ́n ti ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú iṣan àyà rẹ̀ fún oògùn. Àwọn ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́, kò sí ẹni tí ó lè bá sọ̀rọ̀. Màmá Mẹ́rìnlá ni mo ń pè é.

Mo gbé ife oògùn fún un. Kò gbà á. Ó ń wo ife náà.

«Nọ́ọ̀sì, ọmọ ta ni ọ́? Òsì lo nà sí mi.»

Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń fi òsì fún aláìsàn loògùn, kò sí òyìnbó tàbí dúdú tó fura. Ara mi gbóná. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú mà, mo pààrọ̀ ọwọ́. Ìyálé ò gbà á. Ife bọ́. Oògùn fọ́n ká ilẹ̀.

Màmá ò wo ilẹ̀. Ìyálé ló ń wò. «Kí ló ṣe ọ̀tún rẹ?»

Mo ní kò sí nǹkan kan mà.

Ó ní, «Hẹn-ẹ́n.»

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Bélú

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Bí mi ò bá kọ ọ́ síbí, ibo ni màá kọ ọ́ sí?

Eyín ni. Ọgbọ́n tí mo dá nìyẹn. Sírínjì omi iyọ̀ tí à ń fi fọ rọ́bà inú iṣan ní ìdérí kékeré lẹ́nu. Ọwọ́ mi ò lè yí i. Mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí aláìsàn, mo máa ń fi eyín ṣí i. Kó tó di pé Anna lọ, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Láti ìgbà tó ti lọ, ojoojúmọ́ ni. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun pé bí ìka lásán bá kan ẹnu sírínjì, kí wọ́n jù ú nù.

Lónìí, agogo yàrá méjì ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kọ ẹ̀yìn sí Màmá, mo fi eyín fa ìdérí náà. Ẹnu sírínjì kan ètè mi. Mo mọ̀ pé ó kàn án. Mo yíjú padà, mo fà á sí i lára.

Mi ò rántí pé dígí wà lókè ibi ìfọwọ́.

Ó dúró títí mo fi parí. Kò pariwo. Ó ní, «Ọmọ mi, mo rí ọ.»

Mo bọ́ síta, mo lọ bì.

Olè yẹn tọwọ́ bọ ọbẹ̀ mi, mo ju odidi ìkòkò nù. Mo pè é ní ẹranko. Mo fẹ́ yin ìbọn fún un. Èmi tí mo fi itọ́ sínú iṣan àyà ìyá arúgbó ńkọ́?

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Bélú

Mi ò lọ síṣẹ́ lónìí, ìsinmi mi ni. Mo fọ ẹnu títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Bélú

Ibà ń dá Màmá Mẹ́rìnlá látàná. Ó ń gbọ̀n nígbà tí mo wọlé. Kò mọ̀ mí. Àwọn dókítà dúró yí ibùsùn ká, wọ́n ń wá ibi tó ti wá: àyà ni, ìtọ̀ ni, kí ni? Wọ́n fẹ́ gbé e lọ ya fọ́tò ikùn. Mo dúró tì wọ́n. Mo mọ ibi tí ó ṣeé ṣe kó ti wá. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n.

Ọdún mẹ́rin ló kù fún mi.

Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo kan ìlẹ̀kùn Stephanie, mo jókòó, mo sọ ọ́. Ọwọ́. Eyín. Rọ́bà àyà Màmá. Gbogbo rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ pe dókítà lójú mi, kí wọ́n yọ rọ́bà náà, kí wọ́n pààrọ̀ oògùn. Lẹ́yìn náà ló bi mí: láti ìgbà wo? Àwọn wo? Mo ń dárúkọ, ó ń kọ. A kọ ojú ewé kan tán, a bọ́ sí èkejì. Kò bínú. Kò bú mi. Àmọ́ níbì kan tí a dé, ó rọra ti àga rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ mi, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun tì í. Mo mọ ojú tó fi wò mí. Ojú tí mo fi wo ìkòkò mi ni.

Mo fi káàdì iṣẹ́ mi sórí tábìlì. Mo fi ọ̀tún gbé e, torí pé ọ̀gá ni.

Ọ̀gágun pè nírọ̀lẹ́. Mo sọ fún un pé ọwọ́ mi ti kú, pé wọ́n ti dá mi dúró níbi iṣẹ́. Ó ní, ìbọn yẹn wá ńkọ́? Mo pa fóònù.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Bélú

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tèmi wá. Mo sọ fún un. Ó sunkún. «Mommy, why didn't you just tell somebody? Ẹ ò tilẹ̀ sọ fún èmi.» Mo ní mò ń tọ́jú ìtìjú mi ni. Kò gbọ́ irú Yorùbá bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní agbára láti túmọ̀ rẹ̀.

Fúnṣọ́ wá lẹ́yìn ìsìn. Ó wo ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wo ọwọ́ mi. Ó lọ ra ohun ìtìlẹ̀kùn mìíràn, èyí tí wọ́n kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀. Ó dè é. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tì.

Ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo ohun tó gbà nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Bélú

Anna ti dé. Ó pè mí. Kò yẹ kó sọ fún mi, ó sọ fún mi. Ibà Màmá ti lọ, ó ń jẹun, ó ń lọ sílé lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ti rí kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo ní irú wo? Ó ní irú tó máa ń gbé ní ẹnu ènìyàn ni.

Orúkọ mọ́kàndínlógún ló wà lórí ìwé Stephanie. Wọ́n ń pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ò tíì bá méjì sọ̀rọ̀, fóònù wọn ò lọ.

Anna ní Màmá rán òun sí mi. Ó fi ọwọ́ júwe títí ọ̀rọ̀ náà fi yé òun: ó fẹ́ mọ̀ bóyá dókítà ti wo ọ̀tún mi. Ìyẹn nìkan. Èébú ni mo ń retí. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú.

A ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí ìmeèlì fi wọlé, láti ọ̀dọ̀ ìjọba Maryland. Ìwé àṣẹ mi ti jáde. Mo lè lọ ra ìbọn ìléwọ́ nígbà tó bá wù mí. Wọ́n ní àwọn ti yẹ ìtẹ̀ka mi wò fínnífínní, àwọn ò rí ibi tí mo ti ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi rí.